Àárọ̀ Tí Màámi Kanlẹ̀kùn Kiri ní Kilkenny

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé wa ní Mulhuddart, ní Dublin. Ọkọ mi ló ń wakọ̀. Lẹ́yìn, Tóbi ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti sùn lé èjìká Màámi, ìyá mi tó wá kí wa láti Ìsẹ́yìn. A so karafáànù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀: ilé kékeré onítáyà méjì, tòun ti bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ará ibí ń pè ní "press". Ọ̀gá ọkọ mi ní Finglas ló yá wa.

Ọjọ́bọ̀ ni Màámi máa padà sílé, ohun kan sì ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí Bàbá mi kú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ireland ni, a ń dúró de ìwé ìgbélùú. Bí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Èmi àkọ́bí ò débi ìsìnkú bàbá mi. Mo ti relé lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn, Màámi ò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà rí. Mo gbà pé inú ló ń bí wọn. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì kí wọ́n tó lọ, àmọ́ ẹnu mi ò gbà á.

Trim la kọ́kọ́ yà sí. Ilé olódi àtijọ́ kan wà láàárín ìlú, òkúta látòkè délẹ̀, odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màámi wò ó títí.

"Ta ló ń gbénú ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni kankan, Màámi."

"Ẹ̀ẹ́n? Gbogbo yàrá yìí! Àwọn èèyàn wá ń wá ilé kiri ní Dublin?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi da kọfí sára.

Ọ̀nà tóóró la gbà lọ sí Kilkenny. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan á dúró, awakọ̀ kejì á gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn. "Ìka kan péré?" ni Màámi wí. "Ṣé ìyẹn ni kíkí?" Ogójì yúrò la san níbùdó karafáànù, iná mọ̀nàmọ́ná wà nínú ẹ̀. A rìn yí ìlú náà ká títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wá, a jẹ ìrẹsì àti ẹja tí mo sè dání, a sùn.

Nígbà tí mo jí láago mẹ́fà ààbọ̀, mi ò bá Màámi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ ohùn wọn níta: "Ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé dáadáa lẹ jí?" Kó, kó, kó. Yéè! Karafáànù kẹrin ni wọ́n ń kàn yẹn! Ní Ìsẹ́yìn, ta ló máa sun àgbàlá mọ́jú tí ò ní kí àwọn tí wọ́n jọ sùn níbẹ̀? Àmọ́ Kilkenny nibi, ìsinmi làwọn èèyàn wá ṣe. Tóbi fi Gẹ̀ẹ́sì Dublin kígbe pé ìtìjú pa òun, ó fi pílò borí. Mo sáré jáde, mò ń bẹ gbogbo ayé.

Bàbá arúgbó kan ló ṣí ìkarùn-ún, aṣọ oorun ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní "grand" ni, ìyẹn ni pé kò burú. Ó ní látìgbà tí ìyàwó òun ti kú, kò sẹ́ni tó kí òun láàárọ̀. Ó gbé àga jáde, ó gbé tíì àti búrẹ́dì àlìkámà kalẹ̀.

"Bá mi sọ fún bàbá yìí pé mo bá wọn kẹ́dùn," ni Màámi wí. Mo túmọ̀ ẹ̀.

"Sọ pé tèmi náà ti lọ." Mo túmọ̀ ẹ̀.

"Sọ pé àkọ́bí mi ò lè wá sin ín, torí ìwé. Sọ pé mi ò bínú sí i rí, àní lọ́jọ́ kan. Ṣe ni mo ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí n má baà bà á lọ́kàn jẹ́."

Mo lanu, Gẹ̀ẹ́sì ò jáde. Omijé ló jáde. Bàbá náà wo Màámi, ó wò mí, ó rọra sún ife tíì ẹ̀ síwájú mi.

"Túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, àbí o ò gbọ́ ni?" ni Màámi wí, àmọ́ ọwọ́ wọn ti wà léjìká mi. Mo túmọ̀ gbogbo ẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn.

Nígbà tá a ń padà lọ́sàn-án, gbogbo awakọ̀ tó gbéka kan sókè ni Màámi ń ju ọwọ́ méjèèjì sí. Èmi ń rò ó lọ́kàn mi pé ọdún mélòó ni mo fi ń bẹ̀rù ìbínú tí kò sí. Bá a ṣe dé Mulhuddart, àwọn yòókù ń kẹ́rù wọlé. Mo fa Màámi wọnú karafáànù.

"Màámi, ẹ sọ bí ẹ ṣe sin Bàbá fún mi."

Wọ́n jókòó, wọ́n tú gèlè wọn.

"Gbé omi ka sítóòfù," ni wọ́n wí. "Ó gùn díẹ̀."