Àtàǹpàkò Télọ̀

Ẹnu ni télọ̀ yìí fi ṣe ilé abẹ́rẹ́. Bó bá ń ránṣọ, mẹ́ta á wà láàárín ètè rẹ̀, ìyókù ẹnu náà ló sì fi ń bú oníbàárà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbé ọ̀kan mì rí, ó sì ń fi í yangàn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, abẹ́rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu gún un ní àtàǹpàkò ọ̀tún. Ó ki ìka náà bọ ẹnu, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tutọ́ dànù, ó wá fi àkísà tó fi ń nu epo máṣíìnì wé e. Ó kú iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ṣílẹ̀kùn, itọ́ kó àlejò wọlé, àkísà bá wọn pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ìka ti wú, ó ń dán. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, yà sí ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?”

“Abẹ́rẹ́ lásán. Mo ti fa oró rẹ̀ jáde.”

“Ẹ ò fa nǹkan kan jáde. Kòkòrò àrùn tó ń gbé ẹnu yín jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ kó sínú ẹran ara, níbi tó ti móoru, tí oúnjẹ sì pọ̀. Ọ̀kan á ti pín sí méjì kí ẹ tó jẹun tán.”

“Ìwọ dókítà yìí. Kòkòrò tí mi ò rí.”

“Òun ń rí yín.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbé sísọ́ọ̀sì. Àtàǹpàkò kò lè pa á dé. Ẹ̀rín tán. Télọ̀ tí kò lè gé aṣọ, kí ló kù tó fẹ́ máa jẹ́?

Àbúrò ká ọwọ́ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè. Ìlà pupa kan ti gbéra láti ọrùn ọwọ́, ó ń gun apá lọ bí ẹni tó mọ̀nà.

“Ẹ dìde, ọsìbítù yá.”

“Jẹ́ kí n parí aṣọ yìí.”

“Ẹni tó ni aṣọ á dúró. Ìlà yìí ò ní dúró.”

Ní ọsìbítù, dókítà la ìka náà, ọyún tú jáde. “Bó bá ṣe ọ̀la lẹ dé,” ló wí, “gígé ni mi ò bá gé e.”

Ọjọ́ márùn-ún ló fi gba abẹ́rẹ́, èyí tí ẹlòmíràn ń gún un. Àtàǹpàkò kù síbẹ̀, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ gan, kò ká mọ́. Ó di dandan kí ó máa fi ọwọ́ òsì gé aṣọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba aṣọ wọ̀ ọ́ wò, ó na apá méjèèjì. “Kí ló dé tí tòsì fi gùn ju tọ̀tún?”

“Ọwọ́ òsì ló gé e,” ni télọ̀ wí. “Ó gbè sẹ́yìn ẹbí rẹ̀.”

Oníbàárà kò rẹ́rìn-ín. Télọ̀ gba aṣọ, ó tú u, ó tún un gé.