Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Wà Lókè Kọ́ọ̀kì

Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, nítorí iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń ṣe nínú yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀. Ẹni bá fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́, kó yí aṣọ tó bá rán sódì, kó wo inú rẹ̀. Ojú aṣọ, ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Inú aṣọ tirẹ̀ kì í ní fọ́nrán òwú kan tó rọ̀ wálẹ̀. Láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ di abẹ́rẹ́ mú ni mo ti ń wo ọwọ́ rẹ̀, n kò sì rí i rí kó ta òwú ní kókó láìfi èékánná dán an wò.

Apẹja ni bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ìwọ̀ ló fi ń pẹja, kì í ṣe àwọ̀n. Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ohun tó máa ń ké nìyẹn bí èèyàn bá ti súnmọ́ igun ilé tí ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ fara tì. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, kó tó di olóògbé, bó bá ń gbálẹ̀, á dé ìtòsí igun náà, á sì yà.

Kọ́ọ̀kì ni nǹkan fífúyẹ́ tí apẹja ń so mọ́ okùn ìwọ̀ kó lè máa léfòó. Bó bá rì lójijì, ẹja ti gbé ìjẹ nìyẹn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń so tirẹ̀ ni pé yóò ki okùn bọ inú òrùka kékeré tó wà nídìí kọ́ọ̀kì, yóò wá fi rọ́bà tó gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ de orí rẹ̀ mọ́ okùn pinpin. Kò ní sún sókè, kò ní sún sísàlẹ̀. Bí bàbá wa ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀ fún omi tí kò jìn.

Àwọn awayanrìn ló wá ba nǹkan jẹ́. Wọ́n wa yanrìn ìdí odò iwájú ilé wa títí ibi tí a ti ń fẹsẹ̀ là kọjá fi di ọ̀gbun. Ẹja kó lọ sísàlẹ̀ níbi tí omi ti tutù. Kọ́ọ̀kì tí a dè mọ́ ojú kan kò sì lè gba inú òrùka tí okùn ń gbà jáde ní ṣóńṣó ọ̀pá kọjá, nítorí náà okùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn ju ọ̀pá lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apẹja ò ní lè ká ẹja wá sọ́wọ́. Ìjẹ ẹ̀gbọ́n mi wá ń fì ní agbedeméjì omi bí àlejò tí kò rẹ́ni kí i káàbọ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, agbọ̀n ṣófo.

Ni káfíńtà àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi ẹ̀gbọ́n mi, kó fi pákó rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí sinmi,” ó wí. “Ó ti gbé yín títí. Tí mo bá kàn án tán, ẹ̀yin náà á tún máa jókòó lé e lórí, kò kàn ní mì mọ́ ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò bú u. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ó ní, “Wá láàárọ̀ Sátidé. Tí mo bá tún ti odò bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo, kó o máa gbé e lọ.”

Télọ̀ gbọ́ láti ìdí maṣíìnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá lọ, bàbá òun á gbé àga sẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa kú díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó ní, “Bàbá, tí kọ́ọ̀kì yẹn bá ń sún ńkọ́?”

“Kó sún lọ síbo?”

“Lórí okùn ni, sà. Ọ̀nà kan ò sáà wọ ọjà.”

“Ṣé ọjà ni mò ń lọ? Omi ni mò ń lọ. Gbájú mọ́ bọ́tìnnì rẹ, jàre.”

“Ẹ má bínú, bàbá.”

Ó padà sídìí maṣíìnì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára kọ́ọ̀kì. Bí aránṣọ ló ṣe rò ó. Aṣọ a máa yọ̀ lórí òwú títí yóò fi kan kókó tí a ta sí ìdí òwú náà, ibẹ̀ ni yóò sì dúró. Bí kọ́ọ̀kì náà bá ń yọ̀ lórí okùn, tí òjé wíwúwo tó wà nídìí ìwọ̀ sì ń fa okùn wọlẹ̀, kókó kan lókè lè dá a dúró níbi tí apẹja bá fẹ́. Bí wọ́n bá ń ká okùn padà, kókó yóò gba inú òrùka ọ̀pá kọjá, kọ́ọ̀kì yóò sì yọ̀ lọ bá òjé nísàlẹ̀.

Kò fọwọ́ kan ẹrù bàbá rẹ̀. Ó ra kọ́ọ̀kì àti okùn tirẹ̀, ó yá ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́ apẹja mìíràn, ó wá sídìí dúrọ́ọ̀mù omi òjò tó wà lẹ́yìn ilé. Mo jókòó tì í. Òwú ìránṣọ ló fi ta kókó sára okùn. Ó jù ú sómi: kókó yọ́ gba inú òrùka kọ́ọ̀kì lọ, gbogbo okùn sì bá òjé wọlẹ̀. Ó ta òmíràn tó tóbi. Ìyẹn há sẹ́nu ọ̀pá.

“Tó bá kéré, kọ́ọ̀kì á gbé e mì,” ó wí. “Tó bá tóbi, ó há ọ̀pá lọ́fun.”

Ó wọlé. Aṣọ ìyàwó kan tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní sí lọ́rùn wà lára ògiri. Ó mú ẹyọ kan nínú ìyókù tó wà nínú agolo, ó ki okùn bọ̀ ọ́, ó fi í sáàárín kókó àti kọ́ọ̀kì. Kókó kékeré kò lè wọ ihò ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kò lè wọ òrùka kọ́ọ̀kì. Ó jù ú. Okùn sáré wọlẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan kọ́ọ̀kì, kọ́ọ̀kì dìde dúró ṣánṣán.

Ìṣòro tó kù ju ti òrùka lọ: ta ni yóò gbé e fún Má-fọwọ́-kàn-án?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó fi okùn náà kọ́ igun ilé tí kò sẹ́ni tó ń dé. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó rí i.

“Ta ló ta ìtakúta kókó yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìwọ tí ò ń rán aṣọ ìyàwó! Wo òwú tó yọ síta bí irùngbọ̀n òbúkọ. Èyí á tú kó tó débi omi.”

“Ẹ bá mi tún un ta, bàbá.”

“Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi ṣe?”

Ó ṣàlàyé ní ṣókí, kò gbójú sókè lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fa okùn náà. Ìlẹ̀kẹ̀ kan kọ́ọ̀kì, ó dún kọ̀. Ó tún un fà. Ó wá jókòó lé àpótí, ó tú kókó ọmọ rẹ̀ dànù, ó we òwú tuntun mọ́ okùn léraléra, ó fi itọ́ rin ín, ó fà á pinpin. Ó ní, “Mú àlùmọ́gàjí rẹ wá,” ó sì gé irùngbọ̀n náà kúrò.

“Kókó nìyí,” ó wí.

“Ẹ ṣeun, sà.”

Mo wo Télọ̀ títí. Ẹni tí kì í fi fọ́nrán òwú sílẹ̀ nínú aṣọ!

Láàárọ̀ Sátidé, káfíńtà ti wà létí odò pẹ̀lú téèpù àti ayùn. Bí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ti ojú omi dé, tó forí kanlẹ̀ báyìí, káfíńtà na téèpù lé imú rẹ̀.

“Má fọwọ́ kàn án!”

Gbogbo etí odò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi gbé agbọ̀n sókè. Ìrù ẹja àrọ̀ yọ síta rẹ̀, dúdú, ó ń dán.

Káfíńtà ká téèpù rẹ̀. “Ẹ wá ta ẹja fún mi nígbà náà, bàbá.”

“Ìyẹn, o lè fọwọ́ kàn án.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò dákẹ́ ẹnu lórí kókó tirẹ̀ tó mú ẹja náà. Kò sì parọ́, òun ló ta á lóòótọ́. Télọ̀ ń rán aṣọ lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà náà, bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, níbi tí kì í yà sí, ó ṣí fìlà lórí.

“Télọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ṣé ó kù?”

Ó ṣí agolo fún un.

Bí ẹ bá dé ilé náà lónìí, ẹ wo igun tí ọ̀pá ìwọ̀ fara tì. Kò sí eruku níbẹ̀ mọ́. Télọ̀ nìkan ló ń gbá a.