Èèkàn Etí Kòtò Kò Gbọdọ̀ Wó

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n tó kí ẹbí, kí n tó kí ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde: ta ni yóò kan èèkàn mọ́lẹ̀ létí kòtò àgbàrá lọ́dún tó ń bọ̀? Olówó orí mi ti lọ. Àwọn ọmọ wa ti fọ́n ká, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan lókè òkun.

Ó di gbére o, Baba Fúnmi! Afínjú tó fẹ́ kí ìlú náà fínjú. Wolé-wolé tí kì í gba ẹ̀bùn bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀, tó fẹ̀yìn tì tí kò jókòó.

Láti ìgbà tí ìpínlẹ̀ wa ti dá dúró ni káńsù ti ń pe ìlú jọ ní ìparí ọdún, láti ka iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: gọ́tà tí wọ́n là, ààtàn tí wọ́n kó, kànga tí wọ́n gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin a ti kan èèkàn kan mọ́lẹ̀ sí etí kòtò tí àgbàrá ń gbẹ́ bọ̀ lẹ́yìn ilé wa. Bí èèkàn bá jábọ́ sínú kòtò kí ọdún tó parí, a jẹ́ pé àgbàrá ṣì ń jẹ ilẹ̀ nìyẹn. Bí òjò bá ṣú, ẹ ó dìde nídìí oúnjẹ lọ wò ó. Àwọn èèyàn ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Baba Eléèkàn, ewúrẹ́ dà?" Ẹ ó ní, "Káńsù ni mo so mọ́ ọn."

N kò gbàgbé ọdún tí wọ́n kà á sí wa létí pé wàhálà àgbàrá ti dópin. Ọwọ́ ti ń lọ sókè láti pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹ dìde: "Alága, ẹ dákun, ká lọ wo uṣẹ́ ná." Gbogbo wa rọ́ tẹ̀ lé yín. Ìsàlẹ̀ kòtò la ti bá èèkàn. Alága fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ kò fi í ṣẹ̀sín, ẹ kàn ní, "Àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un." Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, káńsù gbé símẹ́ńtì wá lóòótọ́, àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ru iyanrìn, àwọn ọ̀dọ́ gbin ọparun. Èèkàn dúró. Ẹ̀yin tí kì í jó, ẹ jó délé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ láàrin ara yín: "Kí Màámi máa bọ̀ ní Èkó, ilé yẹn ti sún mọ́ kòtò jù." Èmi náà kì í sùn nítorí yín. Ṣé ẹ ń jẹun? Ṣé Túnjí ti yéé gun ọ̀kadà? Ṣùgbọ́n n kò lọ síbì kankan. Èèkàn tí bàbá yín kàn kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀ ṣì wà lóòró. Mo débẹ̀ lánàá. Bí káńsù bá pe ìlú jọ, èmi ni n ó dìde.

Ìpè fóònù kì í wọlé níhìn-ín. Ẹ tètè kọ̀wé, ẹ fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìfàkì, kí n mọ ẹni tí yóò wá bá mi di òòlù mú.

Baba Fúnmi, ẹ sùn re o. Bí òjò bá ṣú, ẹ má dìde mọ́. Mo wà níbẹ̀.

Aya yín,
Màmá Fúnmi