Ìdọ́gba Agbára Tíṣà Ọlátúbọ̀sún

Ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì, ta ni ò mọ Tíṣà Ọlátúbọ̀sún? Ọmọ Ìjàn ni, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ: ìdọ́gba agbára láàrin àwọn orílẹ̀-èdè. Á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó síngbọnlẹ̀ bákan náà fẹ̀yìn ti ara wọn.

"Ṣé ẹ rí i? Bí agbára bá ti dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa ṣubú. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbára ayé ò fi lè jà mọ́."

Olúwabùsáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yukirénì. Nígbà tí Rọ́ṣíà kó ọmọ ogun jọ sí ẹnubodè, ọmọ náà pè sílé.

"Dádì, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń lọ. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Sẹ̀gilọlá, ìyá rẹ̀, já fóònù gbà. "Máa bọ̀ ní ulé, ọmọ mi! Máa bọ̀!"

Ọlátúbọ̀sún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wo ló ń rín, ẹ gbà mí! "Ìyá Bùsáyọ̀, fara balẹ̀. Ṣé Amẹ́ríkà á wá káwọ́ gbera ni? Rọ́ṣíà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ dán an wò. Ó ku díẹ̀ kí ọmọ yìí gbàwé ẹ̀rí. Ṣé ọmọ Èkìtì ló máa padà wálé lọ́wọ́ òfo?" Ó gba fóònù. "Jókòó ti ìwé rẹ."

Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni Bùsáyọ̀. Ó jókòó.

Kò pẹ́ tí bọ́ǹbù fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó pè láti yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan, òkùnkùn biribiri. Kò sunkún.

"Dádì, ẹ ní wọn ò ní jà."

Tíṣà tó ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kàn ní kó máa gbàdúrà. Fóònù já.

Ọ̀rẹ́ ọmọ náà ló pè lẹ́yìn ìyẹn. Omi ni Bùsáyọ̀ jáde lọ wá tí àdó olóró fi balẹ̀ sójú títì. Wọn ò rí òkú gbé wálé. Pásítọ̀ wá, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, gbogbo wọn ní àwámáàrídìí Ọlọ́run ni. Àwámáàrídìí kẹ̀! Nígbà tí wọ́n lọ tán, Sẹ̀gilọlá kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Mo ní kó máa bọ̀."

Kò pariwo, kò sì tún un sọ mọ́. Ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń bá a lọ aṣọ, wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlátúbọ̀sún ì bá gba èébú, ì bá gba ìgbájú pàápàá. Títí dòní ló ń retí ìjà yẹn, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà.