Ọkọ̀ Tí A Ń Tì, Tí Ẹ̀rọ Ní Ó Ń Sáré

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ ní Òkokomáíkò, àwọn aláṣẹ kan ri ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́ ojú ọ̀nà Badagry, nítòsí Igbó-Elérin. Wọ́n ní fúnra rẹ̀ ni yóò máa mú ọkọ̀ tó bá sá eré àsápajúdé. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ̀rọ kì í purọ́ lójú yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Bàbá Ráńtí, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa, ló kó sí i lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbó débi pé èrò lè sọ̀ kalẹ̀ ra búrẹ́dì, kí ó sì tún lé e bá. Wọ́n ní ó sáré, wọn ò sọ ọjọ́ tó sá a, wọ́n sì ti ọkọ̀ náà mọ́lé. Òun nìkan ló sì fi ń bọ́ ilé. Inú bí mi gidigidi. A daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará Ọ̀jọ́ àti Ìbà ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń ṣépè fún wa.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn pe èmi àti Bàbá Ráńtí sí ọ́fíìsì.

"Ẹ̀rọ kì í purọ́, Sẹ́kítírì. Fọ́tò rẹ̀ rèé."

Mo gbà á. Bọ́ọ̀sì Bàbá Ráńtí ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń gbé lọ sí ìsìn tẹ̀ ba nínú sùtánà, láìwọ bàtà, wọ́n ń tì í.

"Ọ̀gá, ta ló ń sáré níbí?"

Ó wò ó títí. "Bóyá ẹ̀mí ló gbé wọn."

"Ẹ̀mí kẹ̀?" ni Bàbá Ráńtí wí. "Ìyá Àdúrà lẹ̀ ń wò yẹn, orúnkún ń dùn wọ́n! Ẹ́ńjìnì ló nọ́ọ̀kì, sà!"

A ní kí wọ́n kó fọ́tò yòókù wá. Iye eré kan náà ló wà lára gbogbo wọn, títí kan ti ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń fi gbowó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti wọn tilẹ̀ rọrùn láti bá, ẹsẹ̀ la fi bá a.

A gba bọ́ọ̀sì padà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni, bátìrì ọkọ̀ náà sì ti fò lọ ní àtìmọ́lé. Títí dòní, a ò rí i gbà.

Bẹ́ẹ̀ la tún ń tì í lọ sílé. Bí a ti dé iwájú ẹ̀rọ náà, tí wọn ò tíì wú kúrò, Bàbá Ráńtí yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ rọra o! Ẹ má sáré!"

Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ borí ìjọba, gbogbo wa la dẹwọ́.