Alágbàfọ̀ Tó Jí Àbúrò Mi

Ó ju agbọ̀n aṣọ mọ́lẹ̀ gbì láàárín ilé wa, àyà mi sì já. Agbọ̀n náà kò wúwo. Ariwo rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù, nítorí ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni ti pariwo kẹ́yìn nínú ilé yẹn. Ìyá bàbá mi, tó wá láti Ìjẹ̀bú láti bá wa wẹ ọmọ tuntun, gbé ìka lé ẹnu, ó ń fi ojú bá a wí. Obìnrin tó gbé agbọ̀n kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó ti kó àwọn àkísà ìdí ọmọ láti lọ fọ̀ wọ́n bó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé pàápàá kó tó padà wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú àkísà kan, ó fi kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní kí n sọ bó ṣe rí.

"Ó gbẹ, mà," ni mo wí jẹ́jẹ́.

Ó ní kí n sọ ọ́ kí ìyá mi gbọ́ nínú yàrá. Mo tún un sọ. Nígbà náà ló wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Ìyàwó, ọjọ́ kẹta rèé tí mò ń fọ àkísà gbígbẹ."

Aládùúgbò wa ni. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe, ọgbà ọparun kan ló sì wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa ní Yábàá, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ yanrìn, tí a sì ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà Ìpọ̀nrí láti ẹ̀yìn ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti máa ń gbọ́ ọ, pàá, pàá, tó ń na aṣọ mọ́ òkúta. Tó bá di ọ̀sán, òórùn ilé rẹ̀ á wá bá wa: ọṣẹ, èédú tí wọ́n gbé wá láti Múṣín, àti omi ẹ̀gẹ́ tó ń sè láti fi mú ọrùn ẹ̀wù àwọn akọ̀wé le. Apá rẹ̀ le ju ti bàbá mi lọ, káfíńtà sì ni bàbá mi o. Ẹnu rẹ̀ náà le. Inú aṣọ ló ti ń mọ ìròyìn gbogbo ilé: ẹni tó ń mu ẹmu láìjẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ẹni tí ibà ń ṣe tó ń díbọ́n pé ara òun le. Èmi fúnra mi ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí mo ṣì ń tọ̀ sílé nígbà náà, ó sì mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn máa ń wò mí láàárọ̀, á ní, "O kú iṣẹ́ àná o."

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ilé wa fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní láti sọ ti ọmọ tó ṣáájú. Ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ìgbà náà, ìyá mi bí ọmọbìnrin kan. Láti ọjọ́ tó dáyé ló ti ń ké. Wọ́n gbé e káàkiri, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n rẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó dákẹ́, gbogbo wa sì mọ ohun tí ìdákẹ́ náà jẹ́. Láti ìgbà náà ni ìyá mi kò ti lè gbọ́ ẹkún ọmọ ọwọ́ mọ́. Bí ọmọ ewúrẹ́ lásán bá ń ké lójúde, á fi ọwọ́ di etí.

Wàyí o, àbúrò mi yìí dé. Ó dé ṣáájú oṣù tí wọ́n ń retí rẹ̀, ó kéré, ó sì ń sùn. Ó ń sùn ṣáá ni. Àwọn tó wá kí wa kú ewu ọmọ á yọjú wò ó, wọ́n á ní ọmọ jẹ́jẹ́ lèyí, ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun ti jìyà. Lọ́jọ́ ìkómọjáde, wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, kò la ojú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Inú ìyá mi dùn débi pé ojú rẹ̀ ń dán. Èmi ni wọ́n wá fi ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ń lé adìyẹ, mo ń sáré pàdé àwọn tó ń kiri ọjà kí wọ́n tó lanu níwájú ilé wa, mo yí odó lọ sí ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ wò ó, mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Bí oyè bá wà fún ká pa àdúgbò lẹ́nu mọ́, èmi ni wọn ì bá fi jẹ.

Ìdí nìyẹn tí ariwo agbọ̀n yẹn fi rí lára mi bí ẹni pé wọ́n gbá mi létí. Alágbàfọ̀ wọ yàrá lọ, a tẹ̀lé e. Ó bi ìyá mi pé ìgbà mélòó ni ọmọ ti mu ọmú láti àárọ̀ àná. Ìyá mi ronú. Ó ní ó mu díẹ̀ láàárọ̀, ó mu díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì fẹnu kàn án ní ìdájí òní kó tó tún sùn. Ó ní ọmú ń dun òun, ó ti kún, ó ti le. Ìyá àgbà dá sí i. Ó ní ọmọ tó bá yó á sùn, èyí tí ebi ń pa á ké, ta ló sì gbọ́ kí ọmọ ké nínú ilé yìí?

Alágbàfọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ọmọ náà ò ní agbára tó lè fi ké mọ́ ni. Ó ní ebi ló sọ ọ́ di olóorun, bó bá sì sùn kò ní mu, bí kò bá mu oorun á tún pọ̀ sí i, àti pé ọjọ́ ò pọ̀ nílẹ̀ fún un mọ́.

Ìyá mi gbá ọmọ mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jí i," ó wí. "Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mi ò lè fara dà á."

Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù," ó wí. "Èyí tó lọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é. Èyí, mo mọ̀ ọ́n. Ebi ni. Oògùn ebi sì wà láyà rẹ."

Ìyá àgbà fárígá. Ó ní kí alágbàfọ̀ máa bá aṣọ rẹ̀ lọ, kó fi ọmọ sílẹ̀ fún àwọn tó bímọ. Ọ̀rọ̀ náà burú, nítorí kò sẹ́ni tó rí ọmọ kankan lọ́dọ̀ obìnrin yẹn rí. Kò dá a lóhùn. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ìyá mi, ó sì dúró. Ìyá mi wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo alágbàfọ̀, ó wo ọmọ. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún un.

Alágbàfọ̀ bọ́ gbogbo aṣọ lára ọmọ náà títí ọmọ fi wà níhòòhò. Ìgbà náà ni mo rí itan àbúrò mi. Awọ rẹ̀ tú sílẹ̀ lára egungun bí ẹ̀wù àgbà lọ́rùn ọmọdé. Alágbàfọ̀ ki ọwọ́ bọ omi, ó fi nu ojú ọmọ, ó ń fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn. Ojú ọmọ là díẹ̀, ó tún padé. Alágbàfọ̀ yíjú sí mi. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo pa ilé lẹ́nu mọ́, èmi náà ni kí n wá pariwo. Ẹ gbà mí, n kò rí ohùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ti sọ mí di odi. Mo bá gbé garawa, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi ọmọ odó lù ú bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Àbúrò mi fajú ro, ó ya ẹnu. Kíá, alágbàfọ̀ ní kí ìyá mi fún ọmú sí i létè. Omi ọmú kán sí i létè, ó lá a, ó tún lá a, ó wá gbá ọmú mú. Ó fà á bí ìgbà márùn-ún, ó sùn. Wọ́n ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó tún fà á. Wọ́n gbé e bọ́ sí ọmú kejì. Báyìí la ṣe é títí òógùn fi bò wá, nígbà tó yá mo gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, mo gbọ́ ọ ketekete. Ìyá mi náà gbọ́ ọ. Ó ń wo ọ̀fun ọmọ.

Kí alágbàfọ̀ tó lọ, ó fún wa lófin. A ò ní aago nílé, òun náà ò ní. Ó ní irin ìlọṣọ òun tó aago. Ìgbàkígbà tí èédú inú rẹ̀ bá jó tán tí òun sì kó òmíràn sí i, òun á fi irin náà kan òpó ọgbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi á sì sáré wọlé lọ jí àbúrò mi, bó sùn bí ò sùn. Ti òru, ó ní òun fi sílẹ̀ fún àwọn tó bímọ.

Bí èmi tí mò ń lé adìyẹ ṣe di ẹni tó ń jí ọmọ nìyẹn. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó máa ń tó ìgbà méje. Mo lè wà níbi tí mo ti ń ṣeré, kí n gbọ́ kó, kó, kó, mo ti fi eré sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni obìnrin yìí ń lọ aṣọ. Lọ́jọ́ kan tó ń fọ aṣọ, mo yọjú láti ihò ọgbà, mo rí i tó nu ọwọ́ ọlọ́ṣẹ mọ́ ìró, tó gbé irin tútù, tó fi kan òpó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó sì padà sídìí omi rẹ̀.

Ìyá àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde láti lọ tọ̀ lóru ọjọ́ kẹta (mo ti ń dìde báyìí o), mo rí i lẹ́bàá àtùpà, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ gan-an bí alágbàfọ̀ ṣe ń ṣe é, ó ń pe ìyá mi pé kó dìde, ó ti tó. Kò fìgbà kan sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agbọ̀n àkísà fún alágbàfọ̀, ó sì kí i kú iṣẹ́.

Àwọn àkísà tó tutù nígbà tí wọ́n kó wọn, ọ̀tọ̀ ni alágbàfọ̀ ń sá wọn sí lórí ọgbà, kí ìyá mi lè máa rí wọn láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kìíní, méjì. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́ta. Ó di mẹ́rin, ó dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, oúnjẹ ò lọ lọ́fun ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó di mẹ́fà, ó di mẹ́jọ, nígbà tó yá ọgbà ò gbà wọ́n mọ́, ó ń sá wọn sórí koríko. Ó ń ráhùn pé ọmọkùnrin yìí fẹ́ jẹ ọṣẹ òun tán, ó sì ń ráhùn náà kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, oòrùn mú ganrínganrín. Alágbàfọ̀ kò tíì kan òpó, èédú ṣì pọ́n nínú irin rẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń jẹ ẹ̀kọ. Ẹkún bá sọ nínú ilé, ẹkún gidi, ẹkún tó fẹ́ẹ̀ ṣí òrùlé. Ìyá mi dúró gbagidi, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà rántí èyí tó lọ. Mo wo ojú ìyá mi, mi ò sì fẹ́ rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Alágbàfọ̀ ò tilẹ̀ gba ojú ọ̀nà. Ó ti ọparun ọgbà sápá kan, ó gba inú rẹ̀ wá, irin gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mi gbogbo ara rẹ̀.

"Ebi ni," ó wí. "Ó jí fúnra rẹ̀. Ìyàwó, wá gbọ́ bó ṣe ń bínú sí ọ."

Ìyá mi wọlé, ó gbé e, ó fi ọmú sí i lẹ́nu, ẹkún sì dá. Ti ìṣáájú kò dá fún ohunkóhun, èyí dá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe ọmọ ní wọ̀bìà, ó ń pè é ní ọkọ òun. Ìyá àgbà sáré lọ síwájú ilé, ó ń bi àwọn tó ń kọjá pé ṣé wọ́n gbọ́ ọmọ òun. Àwọn kan tilẹ̀ dá a lóhùn pé àwọn gbọ́, kí Ọlọ́run dá a sí. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lé gbogbo adìyẹ wá sí ojúde, kí wọ́n máa ké bó ṣe wù wọ́n. Láti ọjọ́ náà, a ò nílò irin mọ́. Àbúrò mi ló ń pe ara rẹ̀ wá jẹun.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ìyá mi wẹ ọmọ, ó wọṣọ, ó gbé e jáde. Ilé alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó kúnlẹ̀. Alágbàfọ̀ fà á dìde.

"Ìwọ lo fún un lọ́mú," ó wí. "Èmi, aṣọ ni mo fọ̀."

Ó gba ọmọ, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nítan, itan ti kún kíki. Ọmọ tọ̀ sí i lára. Ó wo ìró rẹ̀ tó tutù, inú rẹ̀ sì dùn ju ti ẹni tí wọ́n fún ní aṣọ tuntun lọ.

Mo ti dàgbà ju bí alágbàfọ̀ ṣe wà nígbà náà lọ. Àbúrò mi di ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ kì í gba inú ilé, ó sì ti bí ọmọ mẹ́fà. Alágbàfọ̀ padà sí ìlú rẹ̀ nígbà tí mo wà níléèwé, n kò sì bi í rí pé ibo ló ti kọ́ ohun tó mọ̀. Ọmọdé ni mí, mo rò pé inú aṣọ ló ti mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ gbogbo nǹkan. Ìgbà tí èmi náà bímọ ni mo tó rántí ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà sọ sí i àti bí kò ṣe dáhùn. Ó wá yé mi pé ó ní láti jẹ́ pé ó ti fọ àkísà gbígbẹ rí nílé ara rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó sọ fún un. Mo sunkún fún un lọ́jọ́ náà bí mo ti ń fún ọmọ mi lọ́mú.

Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí wọ́n fi oorun yin ọmọ tuntun lójú mi. Bí mo bá lọ kí abiyamọ, tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, mo máa ń jókòó, mo máa ń béèrè pé ìgbà mélòó ló mu ọmú lónìí. Bí ìdáhùn ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo ti na ọwọ́ nìyẹn. Mo ti jí ọmọ tó pọ̀ ní Yábàá yìí. Àwọn ìyá ọkọ ti bú mi, wọ́n ti pè mí ní atojúbọ̀. Ìyá ọmọ kan tilẹ̀ tì mí jáde, ó ní kí n má padà wá. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Kò dùn mí rárá. Kí ìyá ọmọ máa bínú sí mi, kí n sì máa gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ láti ìta, ó tẹ́ mi lọ́rùn.