Òsúkè Ọjọ́ Mẹ́ta Ajíbóyè

Ajíbóyè, ọmọ Ọ̀ṣun tó ń gbé Ìkòròdú, ló máa ń fi ọkọ̀ kó ẹja láti Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Bí ẹni tí ajá ń lé ló ṣe máa ń jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, ó gbé ẹ̀bà gbígbóná mì, ó da mínírà tútù lé e, ni òsúkè bá mú un.

Nígbà tó délé, Agnes ìyàwó rẹ̀ ní kó mu omi lẹ́ẹ̀méje láìmí. Híkẹ̀! Ó já òwú lára ìró, ó fi itọ́ sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí bí ọmọ ọwọ́. Bàbá onírùngbọ̀n jókòó sí pálọ̀ tòun ti òwú. Híkẹ̀!

Lọ́jọ́ kejì, Agnes ní kóun já a láyà, bóyá òsúkè á sá. Ó yọ sí i lẹ́yìn, ó lọgun: "Bàbá Tiwalọlá, mo ti gbọ́ nípa obìnrin yín ní Ẹ̀pẹ́!"

Irọ́ ló pa. Àmọ́ Ajíbóyè ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Agnes, dákun, oúnjẹ lásán ni! Ọbẹ̀ Wàsílátù olóúnjẹ ọjà ni mo máa ń jẹ lọ́sàn-án kí n tó wálé wá jẹ tìẹ. Híkẹ̀! Iyọ̀ tìẹ ló pọ̀."

Ká ní àlè ló jẹ́wọ́, Agnes ì bá tètè dárí jì í. Iyọ̀ kẹ̀? Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ajíbóyè ò rí oorun sùn, omi pàápàá ò lọ lọ́fun rẹ̀. Agnes wọ́ ọ lọ sọ́sibítù.

"Ẹ bi í bó ṣe ń jẹun," ló sọ fún Dókítà Muslimah.

Dókítà ní àjẹjù, ìkánjú, ata àti mínírà lè fa òsúkè, kì í sì í pẹ́ lọ. "Àmọ́ èyí tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwú, Bàbá. Ó lè jẹ́ inú, ó lè jẹ́ kídìnrín. Bí ẹnu bá tún ń wọ́, tàbí tí apá kan bá kú tipiri, ọpọlọ lè wà ńbẹ̀. Ẹ má dúró rárá."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti inú rẹ̀ wò. Omi kíkan inú rẹ̀ ló ń ru sókè sọ́nà ọ̀fun. Wọ́n fún un lóògùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, òsúkè dáwọ́ dúró, oorun sì gbé e lọ. Agnes jókòó tì í, ó ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, ó ń sunkún díẹ̀, ó sì ń bú u jẹ́jẹ́.